Ìtàn mẹ́sàn-án, kókó kan: ṣé àléébù ni?

Òǹkàwé kan kọ lẹ́tà sí mi, mo sì gé e kúrú díẹ̀ kí n tó gbé e síbí. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ti ń kọ ìtàn kéékèèké. Wọ́n ti pé mẹ́sàn-án báyìí, mo sì fẹ́ kó wọn jọ sínú ìwé kan. Mo kó wọn fún ọ̀rẹ́ mi kan pé kó bá mi kà wọ́n. Nígbà tó parí, ó ní, 'Ṣé o mọ̀ pé ìtàn kan náà lo kọ nígbà mẹ́sàn-án? Nínú gbogbo ẹ̀, ẹnì kan ń retí ẹni tí kò ní padà wá.' Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo tún gbogbo wọn kà lóru ọjọ́ yẹn, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Ọkàn mi dàrú. Ṣé ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ni? Yàtọ̀ sí ìyẹn, àìmọye òǹkọ̀wé ló ti kọ nípa ìrètí àti àdánù kí wọ́n tó bí mi. Kí ló kù tí mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n lọ wá kókó mìíràn ni, àbí kí n pa ìwé náà tì? Mo fi méjì nínú ìtàn náà ránṣẹ́ kí ẹ lè rí ohun tí mò ń sọ."

Mo ka ìtàn méjèèjì, mo sì tún wọn kà kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn yìí. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á kò rí wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú wọn. Nínú èkíní, ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́, á máa ka iye bọ́ọ̀sì tó bá dúró níta, torí ó dá a lójú pé bọ́ọ̀sì tí òun kò bá kà, bàbá òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú èkejì, ìyá àgbàlagbà kan ń pààrọ̀ bátìrì aago tó wà lára ògiri yàrá ọkọ rẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ọkọ náà ti kú. Kò sẹ́ni tó ń sùn nínú yàrá náà, kò sẹ́ni tó ń wo aago náà, síbẹ̀ ìyá yìí kò jẹ́ kó kú.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín sí, ẹ̀rù mẹ́ta ló ń bà yín pọ̀. Ẹ ń bẹ̀rù pé inú yín ti gbẹ. Ẹ ń bẹ̀rù pé ohun tí ẹ ń kọ kì í ṣe tiyín, pé àwọn aṣáájú ti sọ ọ́ tán. Ẹ̀rù kẹta kò hàn gbangba nínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú ohùn yín: ó dùn yín pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà nínú iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Èyí kò yẹ kó tì yín lójú rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé, tí mo sì ń bá wọn tún un ṣe, n kò sì tíì pàdé ẹni tó kọ́kọ́ mọ kókó tirẹ̀ kí ẹlòmíràn tó tọ́ka sí i. Ojú tó ń wo ayé kì í rí ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan tó lọ́ pọ̀. Ọ̀rẹ́ yín ní "ìtàn kan náà" lẹ kọ, ẹ̀yin ní "kókó kan ṣoṣo" lẹ ní. Lójú tèmi, ẹ̀yin méjèèjì kò tíì fọwọ́ kan kókó náà. Ìrètí kì í ṣe kókó. Ikú kì í ṣe kókó, ìfẹ́ kì í ṣe kókó, bẹ́ẹ̀ náà ni owó, ogun, ẹ̀tàn àti agbára. Orúkọ àdúgbò ni gbogbo wọn. Bí ẹnì kan bá sọ àdúgbò tó ń gbé fún yín, kò tíì sọ ilé tó ń gbé, áḿbọ̀sìbọ́sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Kókó ni ohun tí ìtàn ń wádìí nípa ìrètí náà. Ta ni ìrètí ń gbé ró, ta ló ń jẹ run, ìgbà wo ló di àṣà tí ènìyàn kò lè jáwọ́ nínú rẹ̀ mọ́? Bí ẹ bá lè fi ọ̀rọ̀ kan dárúkọ rẹ̀, ẹ kò tíì dé ìdí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ di odindi gbólóhùn, kí ẹnì kan máa ṣe nǹkan nínú gbólóhùn náà, kí ohun tó ń ṣe sì máa ná an ní nǹkan.

Ohun tí ọ̀rẹ́ yín rí ni ipò tí àwọn ẹ̀dá ìtàn yín bá ara wọn. Ipò tí ẹ̀dá lè bá ara rẹ̀ kò sì pọ̀ tó bí a ṣe ń rò. Ní 1895, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Georges Polti, tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn ipò tí eré orí ìtàgé lè dá lé. Ó ní 36 péré ni wọ́n. Ẹnì kan lè bá a jiyàn pé ogún ni, tàbí àádọ́ta. Iye náà kọ́ ló jẹ mí lógún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ọgọ́rùn-ún ìtàn láyé rẹ̀ kò lè ṣàì padà sí ipò tó ti lò rí, ì báà jẹ́ ọlọ́gbọ́n jù lọ láyé.

Àṣìṣe kejì ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ kókó sí ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ti parí ọ̀rọ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ ibi tó ń lọ, ìtàn kàn jẹ́ ẹṣin tó gùn débẹ̀ ni. Kókó kò tíì mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọdé pé kó má jalè lè kọ ìtàn ẹ̀kọ́, iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ nípa olè nítorí pé kò tíì yé e bí ènìyàn ṣe lè jí nǹkan ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó sì tún máa fẹ́ràn ọ̀rẹ́ náà, kókó ló ní lọ́wọ́ yẹn. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiyín máa tó kàn.

Ẹ wá padà wo ìtàn yín méjèèjì. Ọmọkùnrin orí àtẹ̀gùn gbà pé kíkà tí òun ń kà ló máa gbé bàbá dé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó sùn lọ tí bọ́ọ̀sì mélòó kan fi kọjá, ó gbà pé òun ló fà á tí bàbá kò fi wọlé. Ìtàn ẹ̀bi nìyẹn. Ọmọdé ru ẹrù àgbà nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹrù rẹ̀ kọ́. Ìyá tó ń pààrọ̀ bátìrì ńkọ́? Òun kò tilẹ̀ retí ẹnikẹ́ni. Òun ló ṣètò ìsìnkú ọkọ rẹ̀, òun ló fọ aṣọ rẹ̀ tó kù, tó sì fi wọ́n tọrẹ. Ohun tí ìtàn rẹ̀ ń béèrè ni pé ìtọ́jú tí ọwọ́ ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́, ibo ló ń gbà lọ nígbà tí ẹni tí à ń tọ́jú kò sí mọ́? Ẹ ò rí i? Ìkan ń sọ nípa ọmọ tó gbà pé agbára òun pọ̀ ju bó ṣe pọ̀ lọ, èkejì ń sọ nípa ọwọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì mọ bó ṣe lè sinmi. Àdúgbò kan ni wọ́n ń gbé, ilé wọn kò kan ara wọn. Bí méje yòókù bá jìnnà síra báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dẹ́rù bà yín.

Ní ti pé àwọn aṣáájú ti sọ ọ́ tán, mo fẹ́ mú yín lọ sí ẹ̀yìn pátápátá. Ìtàn Gilgamesh, tí wọ́n kọ sórí wàláà amọ̀ ní Mesopotámíà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Iraq lónìí, ti lé ní 3,000 ọdún. Níbẹ̀ ni ọba kan ti pàdánù ọ̀rẹ́ rẹ̀ Enkidu. Ó sunkún lórí òkú náà fún ọ̀sán mẹ́fà àti òru méje, kò jẹ́ kí wọ́n sin ín, ó ń retí pé bóyá yóò dìde, títí ìdin fi já bọ́ láti ihò imú òkú. Ẹni tó ń retí ẹni tí kò ní padà wá, òun náà nìyẹn. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kù lọ́kàn yín nínú gbólóhùn tí mo kọ yẹn. Ṣé ọ̀rọ̀ náà "ikú" ni, àbí ìdin tó já bọ́? Ìbànújẹ́ jẹ́ ti gbogbo ayé. Ìdin yẹn jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́. Bákan náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló ni ìrètí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹlòmíràn tó ní ọmọ tó ń ka bọ́ọ̀sì kí bàbá rẹ̀ má baà sọnù sínú èyí tí wọn kò kà.

Àpẹẹrẹ kan sí i, kí n sì fi apá ibẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ní 1893, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Marian Roalfe Cox, kó oríṣiríṣi ẹ̀dà ìtàn Cinderella jọ láti ilẹ̀ púpọ̀, wọ́n jẹ́ 345. Púpọ̀ nínú wọn ló sọ nípa ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé tí a sì wá gbé ga. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kò sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ń dúró de bí ti ọ̀dọ̀ tiwọn yóò ṣe rí.

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín ni èyí tí ẹ kò béèrè tààrà: kí ló dé tó jẹ́ pé èyí gan-an ló ń wá sí yín lọ́wọ́? Àwọn àgbà ti sọ pé ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, òtítọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1824 ni wọ́n mú bàbá Charles Dickens, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ sí ẹ̀wọ̀n Marshalsea ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí gbèsè. Ọmọ ọdún 12 ni Charles nígbà náà. Wọ́n fi í síbi iṣẹ́ ọ̀dà bàtà létí odò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi bébà bo ojú ìkòkò ọ̀dà, kó fi okùn dè é, kó sì lẹ àkọlé mọ́ ọn, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tó di olókìkí, kò sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ní 1870 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àmọ́ ìwé rẹ̀ kò dákẹ́. Ọmọ tí kò ní olùtọ́jú àti ẹ̀wọ̀n onígbèsè ń jáde nínú wọn léraléra.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nínú ọ̀rọ̀ Dickens kọjá pé ó padà síbẹ̀. Ẹ wo bí ìbéèrè rẹ̀ ṣe ń yí padà. Nínú ìwé rẹ̀ David Copperfield, tó parí ní 1850, ó ń wo ọmọ tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé kò lẹ́nì kan. Ó ń bi ayé pé báwo ni wọ́n ṣe lè ju ọmọ bẹ́ẹ̀ nù kí ojú má tì wọ́n. Nígbà tó fi máa kọ Little Dorrit, tó parí ní 1857, ó ti gbé ìtàn wọ inú Marshalsea gan-an, ìbéèrè rẹ̀ sì ti jinlẹ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Dorrit lo ohun tó lé ní ogún ọdún nínú ẹ̀wọ̀n náà, ó wá jogún owó rẹpẹtẹ, ó jáde, ó ń rìnrìn àjò káàkiri bí ọlọ́lá. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Róòmù, níbi àsè àwọn ènìyàn pàtàkì, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn àlejò káàbọ̀ sínú Marshalsea. Ó ti kúrò nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n kò kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń bínú nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i kò lè kọ ìran yẹn. Àgbàlagbà tó ti padà sí ibì kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, tó sì ń rí ohun tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, ló lè kọ ọ́.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo kókó tó ń padà wá ló ti ọgbẹ́ wá. Àṣà yìí ti pọ̀ jù láàárín àwa tí à ń ṣàgbéyẹ̀wò ìwé: a ó ka ìtàn ẹnì kan tán, a ó wá máa wá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ nígbà èwe. Ìdí mìíràn wà tó jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ lásán. Ìyìn wà nínú rẹ̀. Wọ́n yin ìtàn àkọ́kọ́ rẹ, ọwọ́ rẹ sì padà sí ibi tí wọ́n ti yìn ọ́ láìmọ̀. Àfarawé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, torí ohun tí a kà nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́ máa ń wọ egungun ẹni. Ìdí kan sì tún wà tí n kò lè fo kọjá, nítorí mo rí i nínú ìtàn yín méjèèjì, ó sì ṣe mí bíi pé òun gan-an ni àárín ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí kò sí nílé kì í fèsì. Mo wá ìjíròrò nínú ìtàn tí ẹ fi ránṣẹ́. Nínú ti ọmọkùnrin, ìyá rẹ̀ sọ gbólóhùn méjì láti inú ilé, pé kó wọlé, ilẹ̀ ti ṣú. Nínú ti aago, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rárá àfi ẹni tó ń ta bátìrì. Ẹnì kan nínú yàrá kan, ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, èrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n kọ, kò sí àní-àní. Ọwọ́ yín dúró, ojú yín ń rí nǹkan kéékèèké. Ṣùgbọ́n bí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá rí báyìí, ìbéèrè mi ni pé: ṣé ìrètí ló ń fà yín, àbí ìjà lẹ ń sá fún? Ìtàn ìrètí gba òǹkọ̀wé láyè kó má kọ ìgbà tí ènìyàn méjì bá kojú ara wọn, tí ìkan ní ẹ̀sùn, tí èkejì ní àwáwí, tí ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu wọn tí wọn kò lè kó padà. Ìran bẹ́ẹ̀ le. Ẹni tó lọ tí kò padà, ó ti gba òǹkọ̀wé sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ nípa èyí nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà kan, mo kọ ìtàn gígùn mẹ́ta tẹ̀léra nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jà. Ọ̀kan lórí ilé, ọ̀kan lórí obìnrin, ọ̀kan lórí ìwé tí bàbá wọn kọ sílẹ̀ kó tó kú. Mo rò pé mo ti yí gbogbo nǹkan padà. Àgbà kan tó ń bá mi tún iṣẹ́ ṣe nígbà yẹn yọ ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n tẹ́ wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì dákẹ́. Mo kà wọ́n láti ọ̀tún sí òsì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sunkún. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbúrò na ọwọ́. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o ti mọ̀ pé wọ́n á parí ìjà kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ?" Mo ti mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, nítorí n kò lè fara da ayé tí wọn kò ti ní parí rẹ̀. Ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò sú ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn mi ló ti sú wọn. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rìnlá láti kọ ẹ̀kẹrin, tí àbúrò ti dá àpótí irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n padà láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, n kò sì mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí mo parí rẹ̀ pé yóò dá a padà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ẹ lè ṣe. Ẹ lè lọ wá kókó mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. N kò ní ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti rí ẹni tí ó ṣe láǹfààní: wọ́n ní kó kọ ìtàn ìdíje eré ìdárayá, ohun tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì já sí ọ̀nà tuntun. Àmọ́ ìgbà tó pọ̀ jù, kókó tí a fi agbára mú máa ń gbẹ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ ó kọ nípa ogun nítorí ogun wà lóde, òǹkàwé á sì mọ̀ láti ìlà kẹta pé inú yín kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ìrètí á tún yọjú láàárín ogun náà, ìyàwó sójà kan á lọ dúró lójú fèrèsé.

Ẹ lè fi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú ìwé kan bó ṣe wà. Ìwé tí ìtàn inú rẹ̀ jọ ń yí ibì kan ká lè ní agbára tí àkójọ ẹlẹ́ka-ń-ka kò ní. D. O. Fágúnwà rán akíkanjú wọ inú igbó nínú ìwé rẹ̀ ti 1938, ó tún rán wọn lọ ní 1949 àti 1954, a sì ń bá wọn lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Kazuo Ishiguro, òǹkọ̀wé tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní 2017, ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìwé kan náà lòun kọ nígbà mẹ́ta. Nínú ti 1986, ayàwòrán àgbàlagbà kan ní Japan ń wẹ̀yìn wo bó ṣe fi iṣẹ́ rẹ̀ ti ogun lẹ́yìn. Nínú ti 1989, ìránṣẹ́ àgbà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wẹ̀yìn wo bó ṣe fi ayé rẹ̀ sin ọ̀gá tó bá àwọn Nazi ṣe. Ìbéèrè kan ló ń lépa, ó sì ń súnmọ́ ọn sí i. Ṣùgbọ́n ewu wà fún ìtàn kéékèèké. Òǹkàwé lè kà mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan. Bó bá dé ẹ̀kẹrin tó sì ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n ń retí kò ní wá, ìrètí ti kú nínú òun alára, ẹ̀yin lẹ sì nílò ìrètí yẹn kí ìtàn lè dúró.

Ohun tí èmi yóò ṣe bí ó bá jẹ́ tèmi ni pé n ó yọ ojú ewé ìgbẹ̀yìn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, n ó tẹ́ wọn sílẹ̀ bí àgbà yẹn ṣe ṣe, n ó sì kọ gbólóhùn kan fún ìkọ̀ọ̀kan: kí ni ẹ̀dá ìtàn yìí mọ̀ nísinsìnyí tí kò mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀? Ibi tí gbólóhùn méjì bá ti jọra, ọ̀kan ní láti lọ, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ràn jù. Ó ṣeé ṣe kí márùn-ún tàbí mẹ́fà kù. Ìyẹn kò burú. Lẹ́yìn náà ni n ó kọ méjì tàbí mẹ́ta mìíràn láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí ẹni tó lọ sọ tẹnu rẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n ń retí wọlé ní ìpínrọ̀ kejì, kí ó sì jẹ́ pé wíwá rẹ̀ ló fa wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ohun kan hàn yín lára ìtàn ọmọkùnrin náà, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ kókó gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ sọ fún wa pé bàbá ló máa ń so okùn bàtà rẹ̀. Ìparí yín rí báyìí: "Ó ka bọ́ọ̀sì kẹtàdínlógún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wọlé. Ìgbà yẹn ló wá mọ̀ pé ìrètí a máa dunni ju ikú lọ." Mo ka gbólóhùn kejì, mo dúró. Ọwọ́ ọmọ yẹn lára okùn ti sọ ohun gbogbo, ó sì sọ ju ohun tí ẹ rò lọ: mi ò mọ̀ bóyá ó ti dàgbà ni, bóyá ó ti bínú ni, bóyá ó ti dáríji bàbá rẹ̀ ni. Gbólóhùn kẹta wá, ó sì ti gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn pa. Ọmọ ọdún méje kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ pa á rẹ́. Mo fura pé irú gbólóhùn yìí wà níparí àwọn yòókù náà, àti pé òun gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín rò pé ìtàn kan lòun kà. Kì í ṣe ìtàn ló jọra tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń jáde síta níparí ìkọ̀ọ̀kan láti sọ ohun kan náà.

Ibi tí ìmọ̀ mi mọ nìyí. Méjì ni mo kà nínú mẹ́sàn-án, nítorí náà n kò lè sọ bóyá odindi ìwé náà dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín ń retí, tí kò tíì padà, n kò lè ka ìyẹn láti inú ìtàn, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ìtàn wádìí rẹ̀. Kíkọ̀wé lè mú kí ènìyàn rí ìrora rẹ̀ dáadáa. N kò tíì rí i kó wò ó sàn. Bí ó bá wúwo jù, ẹ bá ẹni tó súnmọ́ yín sọ ọ́, tàbí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé dúró díẹ̀. Kò ní bàjẹ́. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé ohun tí mo sọ nípa sísá fún ìjà lè má rí bẹ́ẹ̀. Bí ìjíròrò bá kún inú méje yòókù, ẹ fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ mi sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pinnu ohunkóhun lórí ìwé náà, ẹ kọ ìran kan fún mi. Ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọkùnrin yẹn ti so okùn bàtà rẹ̀ tán, ó ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì kejìdínlógún dúró, èyí tí kò kà, bàbá rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin náà ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń mí gúlegúle, àpò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí okùn bàtà náà. Ẹ máa bá a lọ láti ibẹ̀, ẹ má sì fi í ránṣẹ́ sí mi títí ẹ ó fi mọ èyí tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì, àti ohun tó sọ.